Ìdì Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Tú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ńlá ṣe ń ṣe ìpinnu, ẹ má wulẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń jiyàn. Ibi tí wọn kì í ti í sọ nǹkan kan ni kí ẹ lọ wò.

Ní fásitì tí à ń sọ yìí, Ìgbìmọ̀ Olùdarí kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Mọ́kànlá ni wọ́n. Gbogbo wọn ló ti jẹ́ nǹkan kan rí, gbogbo wọn ló sì ń rántí rẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nílẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ kan lọ, wọ́n ti dá ọgbọ́n kan sí i: gbogbo ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò gba àríyànjiyàn, wọn a kó o jọ, wọn a pè é ní Ìdì. Òrùlé tó ń jò, olùkọ́ tó fẹ́ lọ sinmi fún ọdún kan, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó máa lọ sílé rẹ̀, gbogbo wọn a so pọ̀ sójú kan bí igi ìdáná. Alága á ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni fẹ́ tú Ìdì?" Bí wọ́n bá dákẹ́, òòlù onígi á ró kó! lórí tábìlì, nǹkan mọ́kàndínlógójì á sì di àṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí òòlù bá ti lù, kò sẹ́ni tó lè yí i padà àfi kí Ìgbìmọ̀ tún jókòó, ìyẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Lóòótọ́, ọmọ Ìgbìmọ̀ èyíkéyìí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tú Ìdì. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin tí Alága yìí ti débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dán an wò. Ó ti wá dà bí kí ènìyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò nílé àna rẹ̀.

Alága ti fi ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Lábẹ́ òun, ó ní, ọkọ̀ kankan kò pẹ́ rí. Àwọn tó wọ ọkọ̀ náà ní tiwọn tí wọ́n máa ń sọ. Bó bá ti jókòó, á yọ aago fàdákà kan jáde lápò, á tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ní ìjókòó tó kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló fi lu Ìdì. Ó ti ròyìn rẹ̀ títí, ó ti ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó ń gé irun rẹ̀ pàápàá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Òun náà ló ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nínú Ìdì, kí wọ́n fi nọ́ńbà wọn rọ́pò rẹ̀. "Tí ẹ bá kọ orúkọ síbẹ̀," ló wí, "ìdajì wákàtí la máa fi bi ara wa pé ọmọ ta ni."

Obìnrin tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í ṣe ọmọ Ìgbìmọ̀. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Tábìlì rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán sínú abọ́ oníke kan. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ní nínú yàrá yẹn: kó kọ, kó pín ìwé, kó panu mọ́. Ó ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ rí, àfi ọjọ́ kan tó sín, tí Bàbá Adájọ́, ọ̀kan nínú ọmọ Ìgbìmọ̀, sì wò ó bí ẹni tó ṣàfojúdi sí ilé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kìíní láàárọ̀ ọjọ́ náà kò sí nínú Ìdì, nítorí pé ó ṣe pàtàkì. Aṣọ tí wọ́n máa fi bo àga gbọ̀ngàn ńlá ni. Ègé aṣọ mẹ́ta ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́: pupa, búlúù, àti èyí tó dà bí ewé.

"Pupa ni tèmi," ni Onísìmẹ́ńtì wí. Ọkùnrin yìí ló ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. "Pupa ń fi hàn pé a mọ ibi tí à ń lọ."

"Àga ni, ọ̀gbẹ́ni," ni Màmá Tíṣà dá a lóhùn. Ó ti fi ọdún méjìdínlógójì jẹ́ ọ̀gá iléèwé, kò sì tíì fi í sílẹ̀. "Ẹni tó jókòó ò lọ síbì kankan."

"Màmá, ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Rárá o, ọmọ mi. Mò ń bi ọ́ ni. Abẹ́ ìdí àlejò ni aṣọ náà máa wà. Ta ló fẹ́ rí i?"

Bàbá Adájọ́, tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣì wà lórí àga ìdájọ́, gbé ìka sókè. Ó ní kí wọ́n tó yan àwọ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí àwọ̀ jẹ́. Ìyẹn gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún.

Níwọ̀n bí wọn kò ti sọ ohun tó ṣe é kọ sílẹ̀, Akọ̀wé ń ṣí ìwé Ìdì wò lójú ìwé lójú ìwé. Ojú ìwé kẹtàlélógún ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró.

Àtẹ méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀ wà lókè, nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni 4417.

Ó tún un kà.

Ó mọ nọ́ńbà yẹn bó ṣe mọ nọ́ńbà ilé ara rẹ̀. Afẹ́gò ló ni ín, ọkùnrin tó ń fi iná fẹ́ ìgò ní láàbù, tó ń sọ ọ̀pá ìgò lásán di ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi wọn oògùn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé òun àti ti Akọ̀wé nínú àwọn ilé òṣìṣẹ́. Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n fi ń dán an wò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tó ti ẹ̀ka rẹ̀ wá kún fún ìyìn, Akọ̀wé sì kà á pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Oṣù tó kọjá ló lọ gbé ìyá rẹ̀ wá látilé nítorí orúnkún tí kò jẹ́ kí màmá náà rìn mọ́, Akọ̀wé ló sì bá a kọ fọ́ọ̀mù pé ìyá rẹ̀ máa bá a gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ 4417 sórí fọ́ọ̀mù yẹn.

Ó gbójú sókè sí àtẹ kìíní. 4471 wà níbẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹni tó ni ìyẹn ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Àìrí, ọkùnrin kan tí wọ́n gbà sí ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n rí i níbi iṣẹ́: ọjọ́ tó wá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti ọjọ́ tó wá fẹjọ́ sùn pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kì í kí òun.

Akọ̀wé rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sán àná, ibi tó ti ń tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni Rẹ́jísírà, ọ̀gá rẹ̀ tó ń bójú tó gbogbo ìwé fásitì, ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tó ń pariwo pé Onísìmẹ́ńtì ti pè lẹ́ẹ̀kẹta, oyè rẹ̀ tuntun kò sí níwájú oyè rẹ̀ àtijọ́ nínú ìwé, ayé ti fẹ́ bàjẹ́. Akọ̀wé ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé ìkan síbi ìkejì. Kò sí ẹlòmíì tó ṣe é.

Bí òòlù bá lu Ìdì yìí, kí aago mẹ́rin tó lù ni lẹ́tà ìdádúró máa dé ọwọ́ Afẹ́gò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, á dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà, òun àti ìyá tí kò lè rìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni Ìgbìmọ̀ á tó jókòó láti sọ pé àṣìṣe ni.

Akọ̀wé ya bébà kékeré kan, ó kọ ọ́ pé: *Ẹ jọ̀ọ́ sà. Àṣìṣe wà ní ojú ìwé 23. 4417 ló yẹ kó wà lókè, 4471 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.* Ó dìde bí ẹni fẹ́ rọ omi fún àwọn àgbà, ó sì fi bébà náà sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ Rẹ́jísírà tó jókòó ní ìpẹ̀kun tábìlì.

Rẹ́jísírà kà á. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Òun ló ti fi dá Alága lójú lórí fóònù, lẹ́ẹ̀mẹta, pé ìwé Ìdì mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdún yìí ni wọ́n máa tún un yàn tàbí kí wọ́n má yàn án, ẹnu Alága sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó ṣẹ́ bébà náà po sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò àyà.

"Lẹ́yìn ìpàdé," ló sọ láìla ẹnu.

"Sà, lẹ́yìn ìpàdé ti bọ́ sórí," ni Akọ̀wé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n máa lé e kúrò nílé ni o."

"Akọ̀wé. Padà sórí àga ẹ."

Ó padà. Omi ń kán sínú abọ́. Lórí tábìlì ńlá, Onísìmẹ́ńtì ti gbà pé búlúù náà kò burú, bí wọ́n bá lè gbà pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló kù. Bàbá Adájọ́ máa ń lérí pé láti ogójì ọdún, ojú ìwé kan kò fo òun dá rí. Òtítọ́ ni. Kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, á tutọ́ sí ìka, á ka gbogbo ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ohun tó wà lórí wọn ni kì í kà. Nígbà tí Akọ̀wé lọ kó àwọn ègé aṣọ kúrò nílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú Bàbá Adájọ́, aṣọ pupa bo ọwọ́ rẹ̀, nígbà tó sì gbé aṣọ náà kúrò, ojú ìwé kẹtàlélógún ti bá a lọ. Ó tì í bọ inú fáìlì rẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran. Láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì mú píìnì kan nínú yàrá yẹn.

Ó rò ó báyìí: bí Bàbá Adájọ́ bá pariwo pé ojú ìwé kan sọnù, gbogbo wọn á ṣí i. Bí gbogbo wọn bá ṣí i, ó di dandan kẹ́nìkan béèrè nǹkan kan.

"Ọ̀rọ̀ kejì," ni Alága wí. Ojú rẹ̀ ti tàn. Ó tẹ orí aago. "Ìdì. Nǹkan mọ́kàndínlógójì. Mo gbà pé gbogbo wa ti kà á nílé."

"A ti kà á," ni àwọn tí kò kà á wí.

"Ṣé ẹnikẹ́ni fẹ́…"

"Ẹ dúró!" Bàbá Adájọ́ na ìka tó tutù sókè. "Ojú ìwé kẹtàlélógún kò sí níbí."

Alága wo aago rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ariwo bébà gba inú yàrá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, Ìgbìmọ̀ Olùdarí ṣí ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Bàbá Adájọ́ béèrè.

"Nọ́ńbà ni," ni Onísìmẹ́ńtì dáhùn.

"Nọ́ńbà wo?"

"Nọ́ńbà lásán."

Màmá Tíṣà ti ìwé tirẹ̀ sọ́dọ̀ Bàbá Adájọ́. Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn, ètè rẹ̀ ń lọ. Ó ka mẹ́sàn-án lókè, ó ka mẹ́rin nísàlẹ̀, ó ro wọ́n pọ̀, ó sì mi orí.

"Mẹ́tàlá ni wọ́n," ló wí. "Ó pé. Ẹ máa bá a lọ."

Àwọn nọ́ńbà tí Alága fi rọ́pò orúkọ kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè ohunkóhun ti ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wo ojú Afẹ́gò nínú 4417, àfi kó jẹ́ ẹni tó ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lára ògiri ní òwúrọ̀ pé, "Àǹtí Akọ̀wé, ṣé ẹ jí ire?"

"Àkókò yẹn ò sí lára ẹ̀," ni Alága ń wí, ó ti dá ọwọ́ aago padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Ìwé tó sọnù kì í ṣe ẹ̀bi Ìdì. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni fẹ́ tú Ìdì?"

Wọ́n dákẹ́. Onísìmẹ́ńtì ń wo èékánná rẹ̀. Rẹ́jísírà fọwọ́ bo àpò àyà rẹ̀ bí ẹni tí àyà ń dùn. Akọ̀wé wò ó. Rẹ́jísírà wo òkè àjà.

Òòlù gòkè.

"Ẹ má lù ú!"

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ni, àfìgbà tó rí i pé òun ti dìde dúró, tí orí mọ́kànlá sì yí sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Òòlù dúró lófuurufú. Ohùn ọ̀hún tún jáde lẹ́nu rẹ̀, kò tilẹ̀ ga: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lù ú. Àṣìṣe wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Alága yí ara padà lórí àga, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" ni Alága béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Akọ̀wé ló ń wò.

"Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀," ni Bàbá Adájọ́ dáhùn. Ojú rẹ̀ ti là. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú èyí ti bọ́ sí i lọ́wọ́. "Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ nínú ilé, tó bá sọ̀rọ̀, lójú òfin kò sọ nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ," ni Onísìmẹ́ńtì wí.

"Etí yín ló gbọ́ ọ. Ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìgbìmọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan."

"Háà. Etí mi ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọmọ Ìgbìmọ̀ ni?"

"Ó bá yín wá ni."

"Tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan," ni Alága wí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń ro ó lókè, "kí ló dá òòlù mi dúró?"

Bàbá Adájọ́ tún gbé ìka sókè. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dá a dúró," ló wí. "Ẹ lè máa lù ú lọ."

Akọ̀wé ṣì dúró. Ó rí òòlù tó tún ń gòkè díẹ̀ sí i, bí ẹni ń wá ibi tó ti máa já wálẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ti pàdánù iṣẹ́ àti iyì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà ìdádúró yẹn á sì tún lọ.

"Alága." Màmá Tíṣà ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Mo tú Ìdì."

"Màmá?"

"Mo ní mo tú Ìdì. Èmi lẹ́tọ̀ọ́ ọ̀rọ̀, àbí etí tèmi náà kàn bá mi wá ni?"

"Màmá, a ò tú u rí láti ọdún mẹ́rin."

"Ó ti pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ohun tó bá pẹ́ lórí ìdè, á bu."

Alága gbé òòlù sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Kò wo aago. "Kí lẹ fẹ́ tú nínú ẹ̀?"

"Ojú ìwé kẹtàlélógún."

"Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ ò fara mọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi tú u nìyẹn."

Gbogbo ojú wá kọjú sí Rẹ́jísírà, nítorí pé òun ló yẹ kó ṣàlàyé ìwé. Rẹ́jísírà dìde. Ó wo Alága, ó wo Akọ̀wé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìpọ́njú ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Ìgbà tó fi máa tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe tán, ọkùnrin náà ti di ẹlòmíì.

"Alága àti ẹ̀yin àgbà," ló wí, ó sì yọ bébà kékeré náà jáde lápò. "Láti àárọ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mò ń wá àkókò tó wọ̀ ni." Ó gbé bébà náà jìnnà sí ojú. "Àṣìṣe wà ní ojú ìwé kẹtàlélógún. 4417 ló yẹ kó wà lókè, 4471 ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo…" Ó wúkọ́. "Èmi ni mo rí i."

"Ojú yín mú o," ni Màmá Tíṣà wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ tábìlì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe ní ìjókòó tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá tú Ìdì lónìí, gbogbo ènìyàn ló máa fẹ́ tú u lọ́la. Àwọn mélòó kan mi orí sí i. Alága ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Oṣù mẹ́fà, ló wí, kí ni oṣù mẹ́fà nínú ayé fásitì?

"Kò tó nǹkan," ni Màmá Tíṣà wí. "Fún ẹni tó nílé."

Ìgbà náà ni Onísìmẹ́ńtì béèrè ohun tó ti ń yún un lẹ́nu láti ọdún tí wọ́n ti yọ orúkọ. "4417 yìí, ọmọ ta ni?"

Rẹ́jísírà tún bébà náà wò. Kò mọ̀. Ó wo kọ̀rọ̀. Bàbá Adájọ́ ní bí Alága bá fi ẹnu ara rẹ̀ pàṣẹ, ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ lè dáhùn ìbéèrè kan, kó má ju ọ̀kan lọ. Alága bá ara rẹ̀ jìjàkadì. Níkẹyìn, ó mi orí bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

"Afẹ́gò ni, sà," ni Akọ̀wé wí. "Òun ló ń fẹ́ gbogbo ìgò tí wọ́n ń lò ní láàbù. Wọn ò lẹ́lòmíì."

"Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, sà. Ó gbé wọn sọ́dọ̀."

Ìbéèrè ti di méjì, ṣùgbọ́n Bàbá Adájọ́ kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìbò. Akọ̀wé ka ọwọ́ tó wà lókè, ó tún un kà. Màmá Tíṣà. Àwọn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà fásitì, tó ti rántí pé láàbù tí kò ní ìgò á di ìtìjú òun. Mẹ́rin. Àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe náà jẹ́ mẹ́rin. Alága kì í dìbò. Bàbá Adájọ́ ní òun kò lè dìbò, nítorí pé ìwé òun kò pé. Akọ̀wé wolẹ̀. Ojú ìwé yẹn wà nínú fáìlì rẹ̀, ó ń jó o bí ẹyin iná. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìbò kan dànù.

Ó ku Onísìmẹ́ńtì. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rí i pé òun nìkan ni gbogbo ayé ń wò, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó fà á títí.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn ìrònú tó jinlẹ̀," ló wí, ó sì gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú Màmá Tíṣà.

Òòlù ró. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni Ìdì gbà lọ́jọ́ náà. Alága gbé aago rẹ̀ padà sápò bí ẹni ń sin òkú.

Akọ̀wé jókòó, ó sì kọ ọ́ bó ṣe tọ́: Ìgbìmọ̀ tú ọ̀rọ̀ kan nínú Ìdì, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ́jísírà fún ojú tó mú. Kò kọ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti kọ̀rọ̀, nítorí pé lójú òfin kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti wọ ọkọ̀ wọn lọ, Rẹ́jísírà dúró dè é. Ohùn rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

"Bàbá Adájọ́ ní kí n wádìí ẹni tó yọ ojú ìwé òun."

Akọ̀wé ṣí fáìlì rẹ̀, ó nà án sí i. Rẹ́jísírà gbà á, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó sì mí kanlẹ̀.

"Mi ò ní sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n o ò lè wọ yàrá yẹn mọ́. Alága ti sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Láti Mọ́ńdè, yàrá fáìlì ìdánwò lo máa wà, nísàlẹ̀ ilé."

"Mo gbọ́, sà."

"Kò sí fèrèsé níbẹ̀ o."

"Mo mọ ibẹ̀, sà." Ó mú bébà kan jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá mi fọwọ́ sí lẹ́tà 4417."

Rẹ́jísírà fọwọ́ sí i. Ó tilẹ̀ fọwọ́ sí i gàdàgbà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó ṣe tán, òun ló rí àṣìṣe náà.

Akọ̀wé kò fi í rán ìránṣẹ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ẹ̀yìn láàbù, níbi tí Afẹ́gò ti ń yí ọ̀pá ìgò lórí iná búlúù, awò dúdú bo ojú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má súnmọ́ iná."

"Lẹ́tà ni mo mú wá."

"Ẹ bá mi fi síbẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi gbóná."

Akọ̀wé kò fi síbì kankan. Ó dúró tì í, lẹ́tà lọ́wọ́, títí ìgò náà fi kúrò ní pupa, tó di funfun, tó tutù. Afẹ́gò bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gba lẹ́tà, ó kà á, ẹnu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ká a.

"Wọ́n ti fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀," ló wí. "Mo mọ̀ pé wọ́n á ṣe é. Màmá ló ń kó ọkàn sókè láti ìjẹta, tí wọn ò jẹun. Mo ní, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àgbà mọ́kànlá ló jókòó lé e lórí. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á kàn máa lu òòlù láìwo ohun tó wà nílẹ̀ ni?"

Akọ̀wé wo ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ náà. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Bá mi kí Màmá."

Ó sì jáde lọ wá páálí tó máa kó ẹrù rẹ̀ sí.